Géèmù Ogun Tí Kì Í Kánjú: Kí Ni Wọ́n Rí Nínú Rẹ̀?

Tí ẹ bá jókòó ti ẹni tó ń gbá géèmù Fire Emblem tàbí XCOM fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí ẹ máa rí lè tètè sú yín. Àwọn ọmọ ogun dúró gbagidi sórí pápá bí ère. Ẹni tó mú páàdì lọ́wọ́ kò lu ẹnikẹ́ni. Ó ń gbé àmì kékeré kan káàkiri, ó ń wo nọ́ńbà, ó ń pòṣé, ó tún ń dá àmì náà padà síbi tó ti gbé e kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lè kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa tó tẹ bọ́tìnnì kan, ẹlẹ́ṣin kan á sún síwájú, á fi idà ṣá ẹnì kan, ó parí. Gbogbo wọn á tún dúró gbagidi. Ẹni tó ti mọ géèmù bọ́ọ̀lù tàbí géèmù ìbọn mọ́ra á béèrè pé: ṣé eré rèé, àbí ìdánwò ìṣirò?

Kò jẹ̀bi tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, torí ibi tí eré yìí ti ń gbóná kì í hàn síta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó jọ pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ yẹn gan-an ni eré náà. Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò: irú géèmù wo ni, kí ló ń lọ lọ́kàn ẹni tó ń gbá a, kí ló sì dé tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi máa ń bá nọ́ńbà jà bí ẹni ń bá èèyàn jà.

Nǹkan mẹ́ta ló wé mọ́ra níbẹ̀, àwọn tí kò gbá a rí sì máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. Èkíní ni pé ó ń yí kàn ni. Ó kàn mí, mo ṣe tèmi. Ó kan ọ̀tá, ó ṣe tirẹ̀, bíi ti ṣẹ́ẹ̀sì. Kò sí aago tó ń lé ẹnikẹ́ni. Èyí ló yà á sọ́tọ̀ sí StarCraft àti Age of Empires, níbi tí ogun ti ń lọ láìdúró de ẹnikẹ́ni, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ìka rẹ̀ bá yá ló ń jèrè.

Èkejì ni pé ogun kékeré ni. Ẹ kò darí odindi orílẹ̀-èdè bíi ti Civilization, tí èèyàn ti ń tẹ ìlú dó, tó ń kówó jọ, tó ń bá àwọn aládùúgbò dá májẹ̀mú. Èèyàn mẹ́rin, mẹ́fà, bóyá méjìlá ni wọ́n kó lé yín lọ́wọ́, lórí pápá tí wọ́n sábà máa ń pín sí ilé kéékèèké bíi ti pátákó ṣẹ́ẹ̀sì. Ibi tí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá dúró sí ló ṣe kókó jù. Ẹ fi wé Dragon Quest àti àwọn Final Fantasy ìbẹ̀rẹ̀: ìhà méjì á tò síwájú ara wọn, wọ́n á máa na ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìhà kan á fi ṣubú. Nínú ìyẹn, ẹ kò lè sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ẹ kò lè gorí òkè, ẹ kò lè dínà mọ́ ẹnikẹ́ni. Níbí, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ṣe, àìmọ̀ ọ́n ṣe ló sì ń pani.

Ẹ̀kẹta ni pé èèyàn ni àwọn ọmọ ogun náà. Ọmọ ogun orí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì kò lórúkọ, ẹ lè fi ṣòfò kí ọkàn yín má sọ. Níbí wọ́n lórúkọ, wọ́n ní ọ̀rẹ́, wọ́n ní ẹni tí wọn ò fẹ́ rí sójú. Wọ́n ń gba ìrírí látinú ogun kan bọ́ sínú òmíràn, wọ́n ń lágbára sí i, iṣẹ́ ọwọ́ wọn lè yí padà. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ ó rí ohun tó ń fa àwọn èèyàn. Géèmù náà ti mú ìyára ọwọ́ kúrò, ìpinnu nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó wá so ìpinnu náà mọ́ ẹni tí ẹ ti mọ̀. Tó bá bàjẹ́, ẹ ò lè sọ pé páàdì ló yọ̀ lọ́wọ́ yín tàbí pé íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fà. Ẹ̀yin lẹ ní kó lọ dúró síbẹ̀.

Ìdílé rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1824, ọ̀dọ́ ológun kan tó ń jẹ́ von Reisswitz gbé eré ogun kan tí wọ́n ń pè ní Kriegsspiel síwájú àwọn ọ̀gágun Prussia, ní ibi tó di ara Jámánì lónìí. Àwòrán ilẹ̀ wà níbẹ̀, ègé kéékèèké tó dúró fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun wà níbẹ̀, dáìsì ló ń sọ iye tó kú, adájọ́ tó mọ òfin ló sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Irú eré ogun orí tábìlì bẹ́ẹ̀ ló bí Dungeons & Dragons ní Amẹ́ríkà ní 1974, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson fi ẹnì kan ṣoṣo tó lórúkọ rọ́pò odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Kọ̀ǹpútà kàn wá gba iṣẹ́ adájọ́ ṣe ni.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì. Ní Jàpáànù, ilé iṣẹ́ Intelligent Systems ṣe Fire Emblem àkọ́kọ́ fún Famicom, ẹ̀rọ géèmù ti Nintendo, ní oṣù kẹrin ọdún 1990, Shouzou Kaga ló sì ṣètò rẹ̀. Shining Force dé ní 1992, Tactics Ogre ní 1995, Final Fantasy Tactics ní 1997. Yasumi Matsuno ló darí méjì ìgbẹ̀yìn yẹn. Ní ìhà yìí, akọ̀wé ló ń sọ àwọn èèyàn lórúkọ, ìtàn adé, ìjọba àti ọ̀dàlẹ̀ ló sì ń tì wọ́n lọ sójú ogun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Julian Gollop àti ikọ̀ rẹ̀ gbé X-COM jáde ní 1994: àwọn àjèjì láti òfuurufú ń kọlu ayé, ẹ sì ń gba àwọn ọmọ ogun tí kò ní ìtàn kankan síṣẹ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́wọ́ yín ni ìtàn wọn. Ilé iṣẹ́ Firaxis tún un ṣe ní 2012 pẹ̀lú XCOM: Enemy Unknown, ọ̀pọ̀ èèyàn tó sì ti rò pé irú géèmù yìí ti kógbá sílé tún ṣí ojú sí i. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìgbà kan ṣoṣo tó kàn yín, ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo to àpẹẹrẹ yìí fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbá Fire Emblem á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Afárá kan wà lórí odò. Ó fẹ̀ ní ilé kan péré, ó gùn ní ilé mẹ́ta. Ẹ̀yin wà ní bèbè ìhín. Ọ̀tá mẹ́ta wà ní bèbè ọ̀hún: aláàáké kan àti onídán méjì. Ẹ ní jagunjagun kan tó wọ ẹ̀wù irin, ẹ sì ní tafàtafà kan. Ẹ̀mí ẹlẹ́wù irin jẹ́ 24. Àáké kì í fi bẹ́ẹ̀ ran irin, tí aláàáké bá ṣá a, 3 péré ló máa yọ. Ṣùgbọ́n idán kì í ka irin sí. Onídán kọ̀ọ̀kan máa yọ 11. Aláàáké gbọ́dọ̀ wá dúró tì í kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Onídán lè ju iná láti ilé méjì.

Ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí ẹlẹ́wù irin lọ dúró sí òpin afárá ní ọ̀hún lọ́hùn-ún, kó dí i pa. Ó jọ ọgbọ́n. Ẹ wá ka ilé. Aláàáké máa dúró níwájú rẹ̀ gan-an lórí bèbè. Ilé mẹ́ta ló wà lórí bèbè náà tí onídán ti lè ju iná bá a: ọ̀kan lẹ́yìn aláàáké, ọ̀kan lápá ọ̀tún aláàáké, ọ̀kan lápá òsì rẹ̀. Onídán méjèèjì ló máa ráyè. 3 àti 11 àti 11 jẹ́ 25. Ẹlẹ́wù irin ti lọ.

Ẹ fà á sẹ́yìn ní ilé kan ṣoṣo, kó dúró sí àárín afárá. Omi wà lọ́tùn-ún rẹ̀, omi wà lósì. Aláàáké tó bá fẹ́ ṣá a gbọ́dọ̀ gun orí afárá wá. Ilé kan ṣoṣo ló wá ṣẹ́ kù lórí bèbè tí iná ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn ilé tó wà lẹ́yìn aláàáké. Onídán kan á gba ibẹ̀, èkejì á dúró lásán, á máa wò. 3 àti 11 jẹ́ 14. Ó ku 10. Ó yè é.

Kò tíì tán o. Nígbà tó bá tún kàn yín, aláàáké ti há sórí afárá. Tafàtafà yín tó wà lẹ́yìn ẹlẹ́wù irin jìnnà sí aláàáké ní ilé méjì, ọfà rẹ̀ sì dé ibẹ̀. Onídán jìnnà sí tafàtafà ní ilé mẹ́ta, iná rẹ̀ kò dé. Bí ẹ ṣe sún ẹnì kan sẹ́yìn díẹ̀ péré, ogun tí ẹ fẹ́ pàdánù ti di pàkúté tí àwọn ọ̀tá ń tò wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn ló ń lọ lọ́kàn ẹni tó jókòó gbagidi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ń ka ilé. Ó ti rò ó pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá rí ilé kan tí kò tíì gbìyànjú. Adùn tó wà nínú ìgbà tí ojú là sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mi ò rí i nínú géèmù onísáré kankan. Ọ̀tá náà tún ní ìwà. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń sáré bá ẹni tí wọ́n lè pa tàbí ẹni tí wọ́n lè ṣe léṣe jù, ẹni tó bá sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnì kan ṣe ìdẹ fún wọn. Géèmù kọ̀ọ̀kan tún ń bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Nínú Final Fantasy Tactics, gíga ilẹ̀ ṣe pàtàkì, ibi tí èèyàn kọjú sí náà ṣe pàtàkì: ẹni tí wọ́n bá ti ẹ̀yìn yọ sí kì í lè yẹ̀ bọ̀rọ̀. Nínú Divinity: Original Sin 2 tó jáde ní 2017, ilẹ̀ gan-an ni ohun ìjà. Ẹ rọ òjò sí ẹsẹ̀ àwọn ọ̀tá, kí ẹ sì sọ mànàmáná sínú omi náà, gbogbo wọn á gan pa pọ̀. Ẹ da epo sílẹ̀, ẹ jù iná sí i. Kí ẹ kàn rántí ibi tí àwọn èèyàn tiyín dúró sí.

Ọ̀rọ̀ ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún ló wá máa ń mú àwọn tó ń gbá a kígbe. Kí ọmọ ogun XCOM tó yìnbọn, géèmù á kọ ọ́ síbẹ̀ pé 95%. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìbọn dún. Ó tàsé. Àjèjì tí ẹ rò pé ó ti kú dúró níbẹ̀ digbí, òun ló sì kàn báyìí. Ẹni tó bá ti gbá a pẹ́ ti jẹ ìyà yìí rí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì gbà tọkàntọkàn pé ẹ̀rọ ń rẹ́ àwọn jẹ.

Ẹ̀rọ ò rẹ́ wọn jẹ. 95% túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún á tàsé, ìbọn ogún kò sì pọ̀ rárá lójú ogun. Tí ẹ bá yìn ín nígbà ogún lórí 95%, ohun tó ṣeé ṣe jù ni pé ọ̀kan ó kéré tán máa tàsé: nǹkan bí 64%. Tí ètò yín bá sì dúró lórí ìbọn márùn-ún tó jẹ́ 90% níkọ̀ọ̀kan, tí ẹ fẹ́ kí máràrùn-ún bá a, àfi 59% péré lẹ ní. Ọkàn èèyàn ni kì í gbọ́ nọ́ńbà wọ̀nyí dáadáa. Tí a bá rí 95 lórí ọ̀tá, “dájúdájú” là ń gbọ́. Tí a bá rí 5 lórí ẹni tiwa, “kò lè ṣẹlẹ̀ láé” là ń gbọ́.

Àwọn tó ń ṣe géèmù mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la rí. Sid Meier, tí Civilization ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, sọ ọ́ níbi GDC, ìpàdé àwọn tó ń ṣe géèmù, ní 2010: tí agbára ẹni tó ń gbá géèmù bá jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan, kò rò pé ó yẹ kí òun pàdánù rárá, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀tá ló ní mẹ́ta sí ọ̀kan, tí òun sì borí, kò rí àbùkù kankan nínú ìyẹn. Wọ́n ní láti tún ìṣirò inú géèmù náà ṣe kó lè bá ọkàn èèyàn mu.

Fire Emblem náà ń parọ́ fún yín, irọ́ tó dùn sì ni. Láti ìgbà tí Fire Emblem tí wọ́n ń pè ní The Binding Blade ti jáde fún ẹ̀rọ Game Boy Advance ní 2002, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fire Emblem kì í mú nọ́ńbà kan ṣoṣo láti mọ̀ bóyá idà bá èèyàn. Méjì ni wọ́n ń mú, wọ́n á pa á pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, àbájáde rẹ̀ ni wọ́n á fi wé ohun tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà méjì tí a bá pò báyìí máa ń rọ̀ sí ìtòsí 50, kì í sábà ga gan-an tàbí kó wálẹ̀ gan-an. Nítorí náà, 90% tí ẹ rí jẹ́ nǹkan bí 98% ní tòótọ́, 70% jẹ́ nǹkan bí 82%, 30% sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 18%. Àwọn èèyàn yín ló sábà máa ń ní nọ́ńbà ńlá, àwọn ọ̀tá ló ń ní kékeré, torí náà ẹ̀yin ni irọ́ náà ń gbè. XCOM 2 náà ń yọ́ ran yín lọ́wọ́ ní àwọn ìpele tó rọrùn: tí ẹ bá ń tàsé léraléra, ó ń fi díẹ̀ kún àǹfààní yín láìsọ fún yín. Baldur's Gate 3, tí ilé iṣẹ́ Larian ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m gbé jáde ní 2023, ń tún dáìsì olójú ogún rẹ̀ ṣe lọ́nà tó jọ èyí, àmọ́ ó kéré tán, ó fi bọ́tìnnì rẹ̀ sínú sẹ́tíìnsì kí ẹni tí kò bá fẹ́ lè pa á. Èmi máa ń pa á ni. Tí mo bá máa tàsé, kí n tàsé lóòótọ́.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú yọ oríire kúrò pátápátá? Àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Into the Breach, tó jáde ní 2018, jẹ́ pápá kékeré tó ní ilé mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró. Kó tó kàn yín, ọ̀tá kọ̀ọ̀kan á ti fi hàn yín ní gbangba ẹni tó fẹ́ lù àti iye tó máa yọ, ohun ìjà yín kì í sì í tàsé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n: gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí ẹ ti ọ̀tá kúrò lójú ìlà rẹ̀ kó lè lu arákùnrin rẹ̀ dípò yín. Ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń jọ àdììtú tí ìdáhùn rẹ̀ wà níbì kan, tí ẹ kàn ń wá a kiri. Níbi tí oríire bá ti wà, ọgbọ́n mìíràn ló ń bèèrè fún. Ẹni tó mọ XCOM gbá kì í jókòó máa rò ó bóyá ìbọn yìí máa bá ọ̀tá. Ó ń rò ó pé tí kò bá bá a ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí kì í kọ́kọ́ ju gìrénéèdì rẹ̀, tí kì í tàsé. Ó ń yin ìbọn tó ṣeé ṣe kó tàsé ṣáájú, nígbà tí àwọn mìíràn ṣì wà tí wọ́n lè bá a tún nǹkan ṣe, ó sì ń fi gìrénéèdì pa mọ́ de ìjákulẹ̀.

Ikú wá ńkọ́? Nínú Fire Emblem àtijọ́, ẹni tó bá kú ti lọ nìyẹn. Ìjà rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ lẹ́yìn ogun lọ, ìtàn tó yẹ kí wọ́n sọ nípa ọjọ́ ogbó rẹ̀ ní ìparí náà lọ. Ó rọrùn láti fi ẹlẹ́ṣin ṣẹ́ẹ̀sì ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọdébìnrin oníwòsàn kan tí ẹ ti ń tọ́ láti ogun kejì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í lè dá dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á tún odindi ogun náà jà látìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí kan ti lọ. Nintendo rí i, wọ́n sì fi ìlànà tí ẹni tó ṣubú ti máa ń padà lẹ́yìn ogun kún un ní 2010, nínú Fire Emblem: New Mystery of the Emblem fún ẹ̀rọ DS. Fire Emblem Awakening tó tẹ̀ lé e ní 2012 ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Fire Emblem: Three Houses ti 2019 tún jẹ́ kí ẹ lè yí ọwọ́ aago padà sẹ́yìn ní ìwọ̀nba ìgbà nínú ogun kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà inú eré náà kùn. Lójú tèmi, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ kí ikú jẹ́ ikú ṣì lè yàn án, ẹni tó sì ń yí aago padà kì í kúrò lẹ́nu pípinnu, ó kàn ń tún un pinnu ni.

Final Fantasy Tactics gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú, nọ́ńbà á hàn lórí rẹ̀, á máa ka 3, 2, 1 bó ṣe ń kàn án. Ẹ sáré jí i dìde. Tó bá kọjá òdo, ó lè di kírísítà kan lórí ilẹ̀, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ á lọ gbé, á sì jogún ohun tí olóògbé mọ̀ ọ́n ṣe. XCOM tiẹ̀ burú jùyẹn lọ, torí ògiri ìrántí kan wà nínú àgọ́ tí orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ ti sin wà lára rẹ̀. Àṣà tó sì gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbá a ni kí wọ́n máa fi orúkọ ọ̀rẹ́ àti ẹbí wọn sọ ọmọ ogun. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí nígbà tí ẹ bá ní láti ṣàlàyé fún àbúrò yín pé ẹ̀yin lẹ rán an wọ ilé tí iná ń jó.

Àwọn kan wà tí gbogbo èyí kò tiẹ̀ kàn. Ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun láàárín ogun kan sí èkejì ni tiwọn. Final Fantasy Tactics ní nǹkan bí ogún iṣẹ́ ọwọ́ tí èèyàn lè kọ́, ohun tó bá sì kọ́ níbi kan, ó lè gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ lè jẹ́ kí ẹnì kan ṣe nínjà títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì di ohun ìjà, kí ẹ wá dá a padà sí ajagun onídà pẹ̀lú idà méjì. Disgaea, tí Nippon Ichi gbé jáde ní 2003, sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ pátápátá: lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ dé 9999. Mo mọyì ẹ̀fẹ̀ tó wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di pé mò ń ja ogun kan náà léraléra torí nọ́ńbà nìkan, oorun ló ń gbé mi lọ.

Ó ní àbùkù, kí n má parọ́. Ó gùn, ogójì wákàtí kì í ṣe nǹkan bàbàrà nínú rẹ̀. Ọ̀tá kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lè lọ sá sí igun pápá, tí ẹ ó máa rìn lọ bá a bí ìgbín. Òmíràn tiẹ̀ ń dẹ pàkúté fún ẹni tó ń gbá a: gbogbo ẹni tó gbá Final Fantasy Tactics ló mọ ilé olódi Riovanes, níbi tí akọni ìtàn náà ti ní láti dá kojú ọ̀tá rẹ̀ Wiegraf ní òun nìkan. Ẹ lè séèfù kété ṣáájú ìjà náà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè jáde lọ kọ́ṣẹ́ sí i mọ́. Ẹni tó bá ní séèfù kan ṣoṣo, tí agbára rẹ̀ kò sì tó, gbogbo eré rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ máa séèfù síbi méjì.

Ṣùgbọ́n ó tún gba àwọn tí géèmù mìíràn kì í gbà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ẹni tí ìka ń dùn, ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín wákàtí kan: ó lè gbé e sílẹ̀ láàárín ogun, kó lọ dáhùn, kó padà wá bá gbogbo nǹkan bó ṣe fi í sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Three Houses ní ìpele tó rọrùn dára fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn, Into the Breach dára fún ẹni tí kò ní àkókò, torí ogun rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹ má fi XCOM bẹ̀rẹ̀, àfi tí ẹ bá ní sùúrù tó pọ̀.

Ní ogun àkọ́kọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wá bọ́tìnnì tó ń fi ibi tí ọwọ́ ọ̀tá dé hàn. Ní ọ̀pọ̀ Fire Emblem òde òní, ilẹ̀ á pọ́n títí dé ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin yín sáré lọ síwájú torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ fi ẹni tí awọ rẹ̀ le jù sí etí ibi tó pọ́n náà, ní ilé kan péré sínú rẹ̀, kí àwọn ìyókù dúró sẹ́yìn níbi tí ọwọ́ kò ti tó wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó kan ọ̀tá, kí ẹ wo ẹni tó máa sáré wá.